Ẹsẹ̀ bàbá mi ń dì wọ́n mú lójú ọ̀nà, tí wọ́n bá dúró á tún lọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi wà ní Òmù-Àrán, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ṣe kó tó di pé wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò jìnnà sílé, àmọ́ òkè díẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá ti gun òkè yẹn dé ìdajì, ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún á fún pọ̀, á máa ro wọ́n gidi. Wọ́n á dúró bí ẹni tó fẹ́ kí ará àdúgbò, wọ́n á kí tibí, wọ́n á kí tọ̀hún, ìrora náà á lọ. Wọ́n á tẹ̀ síwájú, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dé. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú pàápàá ti ń fà á báyìí.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí ni pé nígbà tí mo lọ kí wọn, orí àga ni mo bá wọn tí wọ́n ń sùn lóru, wọ́n sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá dùbúlẹ̀, ńṣe ni ìka ẹsẹ̀ á máa ta àwọn. Bàtà tún ha wọ́n lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, egbò kékeré ni, àmọ́ kò jinná. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, wọ́n ń lo oògùn nígbà tí wọ́n bá rántí. Sìgá ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ti dín in kù.

Ìyá kan ń bá wọn fi àdí àti òrí wọ́ ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ilé ní làkúrègbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí?

Ìyá Àdùnní

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún bàbá lálàáfíà. Báyìí gan-an ni ti màmá mi ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu omi gbígbóná, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí wọ́n máa ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí méjì. Ẹ tún ra ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ yẹn, ó wà ní kẹ́míìsì. Ẹsẹ̀ màmá mi tó ti wú, kò pẹ́ tó fi lọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gáà Àkànbí

Ìyá Àdùnní, ẹ má bínú sí mi, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló lè ṣe bàbá yìí léṣe. Ẹsẹ̀ màmá yín wú. Ti bàbá, ẹ ò sọ pé ó wú. Ẹsẹ̀ tó bá ń wú nírọ̀lẹ́, tó ń fúyẹ́ tí wọ́n bá gbé e sókè, iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn ló sábà máa ń níṣòro. Ti bàbá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn wá sí ẹsẹ̀ ni mo fura sí pé ó ti dí. Tí wọ́n bá gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sókè, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á tún dín kù sí i. Ara wọn ti kọ́ wọn pé kí wọ́n sọ ọ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń sùn lórí àga. Ìbọ̀sẹ̀ yẹn á wá fún ìwọ̀nba tó ń rí ọ̀nà kọjá pa. Ní ti omi gbígbóná, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé dáadáa kì í mọ gbígbóná bó ṣe yẹ. Mo ti tọ́jú àwọn tí omi bó láwọ̀ lẹ́sẹ̀ tí wọn ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, pàápàá àwọn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan nínú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ á le, á nípọn, ihò iṣan á dín. Sìgá, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọjọ́ orí ló ń mú un yá. Tí èèyàn bá jókòó, ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá tó ẹran ẹsẹ̀ lò. Tó bá ń rìn, pàápàá tó bá ń gun òkè, ẹran ẹsẹ̀ á fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní rí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn. Tó bá dúró, ó di pé ó tó padà. Làkúrègbé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkèé ni làkúrègbé ń jà, ó sì sábà máa ń le jù nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Ibi tó ń dùn náà máa ń sọ ibi tó dí. Ẹ̀yìn ojúgun: iṣan tó gba itan kọjá. Ìdí àti ìbàdí: iṣan inú ikùn nísàlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìka: ìsàlẹ̀ orúnkún, òun ló wọ́pọ̀ lára àwọn alátọ̀gbẹ.

Ẹ gbìyànjú èyí nílé. Kí bàbá jókòó, kí ẹsẹ̀ wọn gbóná níwọ̀nba. Ẹ ní kí wọ́n gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè, ẹ ó rí okùn kan tó yọ lórí ẹsẹ̀. Ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ okùn yẹn lápá ọ̀dọ̀ ìka kejì, láàárín orí ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ le. Ẹ dúró díẹ̀ bóyá ẹ ó gbọ́ ọ tó ń lù kì, kì, kì. Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì, ẹ wo ọ̀tún. Ẹ tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan méjèèjì bóyá ọ̀kan tutù ju èkejì lọ.

Ìrora òru àti egbò tí kò jinná yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn, kì í ṣe ti oṣù tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, òun ló sì ń gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀.

Tíṣà Tánkẹ̀

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ gbogbo àlàyé yín, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra. Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dí. Èmi náà ń rìn mo ń dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi ni wọ́n rí i pé egungun ẹ̀yìn ló fún iṣan ìmọ̀lára pọ̀.

Ìyàtọ̀ tí dókítà ṣe fún mi rèé. Tèmi, dídúró lásán ò ràn mí lọ́wọ́. Mo gbọ́dọ̀ jókòó tàbí kí n tẹ̀ síwájú. Tí mo bá ń ti bárò lóko, mo lè rìn dé ibi tó bá wù mí, torí pé mo tẹ̀ síwájú. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń dà mí láàmú ju ìgòkè lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ ló sì máa ń kú tipiri láti ìdí wá sísàlẹ̀. Ọmọ mi, bi bàbá rẹ léèrè ìwọ̀nyí dáadáa.

Nọ́ọ̀sì Gáà Àkànbí

Ẹ ṣé, Tíṣà, òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì tún lè wà lára ẹnì kan náà. Àmọ́ bàbá yìí ń dúró lórí ìró, ó sì ń lọ. Ìgòkè ló ń dà wọ́n láàmú. Egbò sì wà níbẹ̀.

Àlàájà Ìpàtà

Sàláámù àlékúmù. Ẹ̀yin ń sọ ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àyà, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹran ni ọkọ mi ń tà. Tó bá gbé itan màlúù sí èjìká, àyà rẹ̀ á fún, á gùn ún lọ sí àgbọ̀n àti apá òsì. Tó bá gbé e sílẹ̀ tó jókòó, á lọ. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ni. Oògùn ọgbẹ́ inú ló ń mu títí, ó tún ń fi àgbo jẹ̀dí lé e. Wọ́n fi okùn ẹ̀rọ sí i láyà ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Dókítà mìíràn ló wá ṣàlàyé pé ẹni tó bá sinmi, ẹ̀rọ yẹn lè má fi nǹkan kan hàn. Ó ní kó gun ẹ̀rọ arìnlójúkan, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń rìn. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Dókítà yẹn ní kí n máa sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi pé tiwa lè má jẹ́ àyà dídùn rárá. Ó lè jẹ́ kí ó kàn rẹ èèyàn lójijì, kí èémí má délẹ̀, kí òógùn tútù máa bò ó, kí inú máa ru. Àwọn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe náà, bẹ́ẹ̀ ni. Tí àyà bá fún èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ má ṣe da epo sí i lẹ́nu, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wá.

Ọmọ Òmù, ẹ béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá àyà wọn náà ń fún lórí òkè yẹn. Àwọn ọkùnrin wa kì í sọ.

Ọmọ Ọ̀fà l'Ókè Òkun

Aspirin ni kẹ́ ẹ fún bàbá, ẹyọ kékeré kan lójúmọ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè fẹ́lẹ́. Amẹ́ríkà níbí, gbogbo àgbàlagbà ló ń lò ó. Aáyù náà dáa, ó máa ń yọ́ ọ̀rá inú iṣan dànù.

Oníkẹ́míìsì Táíwò

Ọ̀rẹ́ mi, èyí tẹ́ ẹ sọ nípa Amẹ́ríkà yẹn ti yí padà. Ní 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba àwọn dókítà wọn nímọ̀ràn lórí ìdènà àrùn ní ẹni tó ti tó 60 ọdún tí kò tíì ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kó má kàn dá a bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dà nínú ikùn tàbí nínú ọpọlọ. Ti ẹni tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ dí, tó sì ń dùn ún, yàtọ̀. Dókítà sábà máa ń fún irú wọn ní aspirin tàbí clopidogrel, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àmọ́ bàbá tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ò tíì wálẹ̀, tí a ò mọ̀ bóyá ó lọ́gbẹ́ inú, èèyàn kì í rà á fún un lójú títì.

Aáyù ò yọ́ nǹkan kan nínú iṣan. Ẹ fi se ọbẹ̀, ó dùn. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ tó tún ń lo oògùn afẹ́jẹ̀fẹ́lẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣòroó dá.

Oògùn tí àwọn èèyàn ń sá fún jù ló wúlò jù níhìn-ín: atorvastatin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Kódà tí iye ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ò bá ga, wọ́n á kọ ọ́ fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti dí, torí ó ń jẹ́ kí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara iṣan fara balẹ̀, kó má bẹ́. Bíbẹ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ fi ń dì lójijì. Ohun mìíràn: àwọn oògùn ara ríro pupa, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ta lọ́jà, ẹ yọ wọ́n kúrò nílé bàbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Bọ̀dá Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti orí kún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ṣa ìrẹsì lọ́jọ́ kan, ó ní ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ju aṣọ dúdú sí òun lójú kan ṣoṣo. Kò pẹ́, aṣọ náà ká kúrò. Gbogbo ilé ní ayé ni. Wọ́n gbé e lọ síbi àdúrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni apá àti ẹsẹ̀ kan rọ, ọ̀rọ̀ ò yọ mọ́. Iṣan ọrùn ló ti dí, ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré ń já níbẹ̀ lọ sí ojú àti ọpọlọ. Dókítà ní ojú tó ṣú yẹn ni ìkìlọ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n gbé e wá.

Nítorí náà, tí ẹnu bá yẹ̀, tí apá kan ò bá gbéra, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, kódà tó bá lọ fúnra rẹ̀, ẹ wo aago, ẹ máa lọ. Láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fúnni ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán orí ná, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì àti ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi aspirin sí i lẹ́nu nílé lè pa á.

Má Dárúkọ Mi

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí n tó kọ. Ẹ̀yin ọkùnrin, tí nǹkan ọkùnrin ò bá dìde bíi tàtẹ̀yìnwá, ẹ má sáré lọ sọ́dọ̀ alábùràntàṣí. Iṣan ibẹ̀ kéré ju ti ọkàn lọ, òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé nǹkan ń dí. Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdí mi tún ń ro mí tí mo bá ń rìn. Dókítà ní àwọn méjèèjì pa pọ̀ ń tọ́ka sí iṣan ńlá inú ikùn níbi tó ti pín sí méjì lọ sí itan.

Oníkẹ́míìsì Táíwò

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Àlàájà Ìpàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Alhájì: ẹni tó bá ń fi oògùn sí abẹ́ ahọ́n nítorí àyà, kò gbọdọ̀ lo Viagra tàbí irú rẹ̀ láé. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já lulẹ̀ lójijì. Àwọn àgbo tí wọ́n ń tà fún agbára ọkùnrin, a ti rí èyí tí wọ́n lọ oògùn òyìnbó yẹn sí láìsọ.

Àlàájà Ìpàtà

Há! Ó ń lo ti abẹ́ ahọ́n. Màá bá a sọ ọ́ lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Sáńgò

Ti ìfun náà wà o. Àǹtí mi kan, tó bá jẹun tán, bí ìdajì wákàtí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ títí ẹkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oúnjẹ, ó rù kan eegun. Wọ́n fẹ̀sùn kan ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé ó fi nǹkan sí oúnjẹ. Iṣan ìfun ló dí.

Wọ́n ní iṣan kíndìnrín náà ń dí, pé òun ló fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ò ká.

Nọ́ọ̀sì Gáà Àkànbí

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Lára ìdí tó wà ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn "ò ká", oògùn ni wọn ò lò.

Ọmọ Òmù

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Àbúrò mi tó wà nílé ti wò ó. Ó gbọ́ ti ẹsẹ̀ òsì, ó ní ó ń lù. Ti ọ̀tún, kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì tutù ju òsì lọ. Nígbà tí bàbá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún funfun, òsì ò ṣe bẹ́ẹ̀. A bi wọ́n nípa àyà, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní "ó máa ń wúwo díẹ̀". Wọn ò yẹ ṣúgà wò rí.

Nọ́ọ̀sì Gáà Àkànbí

Àwọn kan wà tí wọn kì í ní ti orí ẹsẹ̀ láti ìbí, torí náà kí ó tún wo ẹ̀yìn eegun ọrùn ẹsẹ̀ lápá inú. Síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, ẹ má dúró. Ẹ gbé wọn wá sí Ìlọrin, sí UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ egbò àti ìrora òru níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má fi wọ́n sẹ́yìn. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn wọn dání, títí kan ìgò àgbo.

Wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lápá, wọ́n á tún wọ̀n ọ́n lọ́rùn ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá fi iye ti apá pín iye ti ẹsẹ̀, tí èsì rẹ̀ sì wá sísàlẹ̀ 0.9, iṣan ẹsẹ̀ ti dín nìyẹn. Lára alátọ̀gbẹ, iṣan lè le débi pé iye náà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, kò túmọ̀ sí pé ó dáa. Ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n á wá wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni àwòrán.

Tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ yẹn dédé tutù kí ẹ tó gbéra, tó funfun, tó ń dùn wọ́n burúkú, tí wọn ò mọ ìka lára tàbí tí ìka ò mì mọ́, pàjáwìrì nìyẹn. Wákàtí bíi mẹ́fà ni ẹran ẹsẹ̀ fi lè fara dà á. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi iná yá a.

Títí ẹ ó fi dé: ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ egbò, ẹ gbẹ ẹ́ rọra, ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í. Kí wọ́n má rìn láìwọ bàtà. Sìgá, kí wọ́n jù ú nù lónìí.

Tíṣà Tánkẹ̀

Ṣé kí wọ́n má rìn mọ́ rárá ni? Mo gbọ́ pé ìrìn gan-an ni oògùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gáà Àkànbí

Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tí kò légbò tí kò sì ní ìrora òru. Á rìn títí yóò fi dùn ún gan-an, á dúró, á tún rìn, 30 sí 45 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta. Ẹlòmíràn á rìn jìnnà ju bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ti bàbá, egbò àti àyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yanjú.

Ìyá Àdùnní

Ó dáa, mo ti gbọ́. Epo pupa ńkọ́? Kí bàbá jáwọ́ níbẹ̀?

Oníkẹ́míìsì Táíwò

Kí wọ́n dín in kù, kí epo má léfòó sórí ọbẹ̀. Kí wọ́n tún dín ọ̀rá ẹran kù, àti pàtàkì jù lọ iyọ̀ àti Maggi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Wàrà díẹ̀ ò burú, ẹ má bu epo dín in.

Ọmọ Ọ̀fà l'Ókè Òkun

Ẹ rántí pé ebi ni kí wọ́n fi lọ fún àyẹ̀wò ọ̀rá o, láti alẹ́.

Oníkẹ́míìsì Táíwò

Ti ọ̀rá ò pọn dandan mọ́, àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti sọ ọ́ láti 2016, àyàfi tí èsì àkọ́kọ́ bá ga jù. Àmọ́ wọ́n lè fẹ́ yẹ ṣúgà wọn wò lọ́jọ́ kan náà, èyíinì ló nílò pé kí wọ́n má jẹun láti alẹ́. Omi lásán kò ba nǹkan jẹ́, kí wọ́n mu ún. Kí wọ́n sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àárọ̀ náà kí wọ́n tó wọkọ̀, kí wọ́n má sọ pé torí àyẹ̀wò làwọn ò ṣe lò ó.